Aago mélòó lẹ máa jáde nílé?

Bí ìdìbò bá ti ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á pín àdúgbò láàárín ara wọn, wọ́n á sì gbéra. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn.

Wọ́n gbà pé iyàn ni wọ́n lọ jà, pé ẹni tẹ́nu rẹ̀ bá mú jù ni yóò yí onílé lérò padà. Bóyá ni èrò mìíràn wà tó ń tán àwọn olùyọ̀ǹda lókun lásán tó èyí. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joshua Kalla àti David Broockman, kó àyẹ̀wò 49 lórí ìpolongo ní Amẹ́ríkà jọ. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, tó bá di ìdìbò gbogbogbòò, ìbẹ̀wò àti ìpolongo kì í sábà yí ẹni tí olùdìbò fẹ́ yàn padà rárá. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kan títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ kò jèrè ìbò kankan, ó sì máa gbé ìbínú ilé yẹn wọ ilé kejì.

Ohun tí ìbẹ̀wò mọ̀ ọ́n ṣe ni kó mú ẹni tó ti ń rò ó lọ́kàn jáde nílé. Àwọn olùwádìí Alan Gerber àti Donald Green dán èyí wò ní New Haven, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1998, láàárín olùdìbò bí 30,000. Àwọn tí èèyàn wá bá lójúkojú jáde ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò lọ. Ìpè tẹlifóònù tí wọ́n sanwó fún ní tirẹ̀ kò tu irun kan lára àwọn èèyàn.

Síbẹ̀, ìpè náà ní irú èyí tó ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù. Nígbà ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2008, David Nickerson àti Todd Rogers ṣe àyẹ̀wò kan tó kan èèyàn tó lé ní 280,000. Wọ́n pe àwọn kan, wọ́n kàn rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ dìbò. Wọ́n bi àwọn mìíràn ní ìbéèrè mẹ́ta sí i: aago mélòó lẹ máa lọ? Ibo lẹ máa ti gbéra? Kí lẹ máa ti máa ṣe kó tó di ìgbà náà? Ìrọni lásán kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Lára àwọn tó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta náà, àwọn tó dìbò fi nǹkan bí èèyàn 4 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ olùdíje kankan fún wọn o.

Ìpinnu tí kò ní aago dà bí àlejò tó ní òun ń bọ̀ tí kò dá ọjọ́. Onílé yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbá yàrá, kò gbé omi kaná, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí àlejò dé. Ẹ ní kó sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, láago mẹ́rin, pé ibi iṣẹ́ lòun ti ń bọ̀, gbogbo ilé á tò fúnra rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ti ń kọ̀wé nípa agbára tó wà nínú ìpinnu tí a bá so mọ́ àkókò àti ibi kan.

Èyí tó tún gbàfiyèsí ni pé ilé tí olùdìbò kan ṣoṣo ń gbé ni ìbéèrè náà ti ṣiṣẹ́ jù. Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe ni pé níbi tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta bá wà, wọ́n á ti bi ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó pè: ta ló ń mú ọkọ̀, ṣé kí á jọ lọ?

Àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè yìí kì í bi ara wọn. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa sinmi, "tí ìdìbò bá parí" ni wọ́n máa wí, èyí tí kò ní aago kankan nínú. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kọkànlá, ni ìdìbò parí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 7, ni àwọn ilé ìròyìn ńlá tó kéde ẹni tó wọlé. Ẹni tó so oorun rẹ̀ mọ́ èsì ti fi ọjọ́ mẹ́rin kún ìṣọ́ òru.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ara olùyọ̀ǹda nìkan. Àwọn olùwádìí Drew Dawson àti Kathryn Reid fi hàn lọ́dún 1997 pé ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibi tí òfin ti ní kéèyàn má wakọ̀ mọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, irú ẹni yìí náà ni wọ́n ń rán pé kó lọ fi ọkọ̀ gbé àgbàlagbà wá dìbò.

Àbùkù ètò yìí, lójú tèmi, ni pé iye ilẹ̀kùn tí a kàn nìkan ló ń wà nínú ìwé ìṣirò alábòójútó. Bí wákàtí ìsinmi bá wà lórí ìwé kan náà tí wọ́n fi pín iṣẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ láago mẹ́sàn-án alẹ́ àti ibi tí o ti máa jẹun ọ̀sán, ó ti kúrò ní ìmọ̀ràn, ó ti di ètò. Ohun tí àyẹ̀wò Pennsylvania fi hàn sì tún ń sọ ibi tó yẹ kí alábòójútó ti bẹ̀rẹ̀: kó kọ́kọ́ pe àwọn olùyọ̀ǹda tó ń dá gbé, torí kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n nílé pé aago mélòó ni wọ́n fẹ́ sùn.