Fọ́ọ̀wíìlì Kì Í Dá Ọkọ̀ Dúró Lórí Yìnyín

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Fairbanks, ní ìpínlẹ̀ Alaska, ra píkọ́ọ̀pù ní oṣù kẹwàá. Houston ni wọ́n ti kó wá, wọn kò tíì lo ìgbà òtútù kankan níbí rí. Iṣẹ́ máa gbé wọn lọ sí Deadhorse, ibùdó iṣẹ́ epo rọ̀bì ní òpin àríwá Alaska, kí ọdún tó parí, wọ́n sì ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn á wa ọkọ̀ lọ. Mo béèrè irú táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá ìdí píkọ́ọ̀pù yẹn pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "Àbúrò, fọ́ọ̀wíìlì ni! Kí ni yìnyín fẹ́ fi ṣe?"

N kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé níbí, àwọn ọkọ̀ tí mo máa ń rí nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá kọ́kọ́ dì, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ fọ́ọ̀wíìlì.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Àwa tí a dàgbà nílé ti rí Hilux tó ń la ẹrẹ̀ kọjá lọ́nà oko nígbà òjò, nígbà tí àwọn ọkọ̀ yòókù ti rì dé ìdajì táyà. Níbẹ̀, olùgbàlà ni fọ́ọ̀wíìlì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹrẹ̀ ń ṣe: ẹrẹ̀ a máa di ọkọ̀ mú. Wàhálà inú ẹrẹ̀ ni bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn. Dídúró kò le, ẹ kàn dẹwọ́ iná, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ á dá a dúró fún yín. Yìnyín kò di nǹkan kan mú. Ọkọ̀ á gbéra lórí rẹ̀, á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dúró ni ẹ ó tó mọ irú ilẹ̀ tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọgbọ́n ẹrẹ̀ wá sórí yìnyín ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé kan wá síta ilé mìíràn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀wíìlì ń ṣe: ó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dípò ẹsẹ̀ méjì. Agbára láti lọ nìyẹn. Bíréèkì yàtọ̀. Ọkọ̀ tó kéré jù lójú títì pàápàá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ló ní bíréèkì. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tẹ bíréèkì, píkọ́ọ̀pù yín kò ní àǹfààní kankan lára Corolla aládùúgbò yín. Ó di ọ̀rọ̀ láàárín rọ́bà táyà àti yìnyín.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, mo bẹ ẹ̀gbọ́n yìí pé kí wọ́n jẹ́ ká lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan tó ṣófo. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì gbagidi, ó ń dán bíi dígí. Mo gbé korobá pupa kan kalẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti tẹ bíréèkì. Wọ́n sáré dé kìlómítà 30 láàárín wákàtí, láìfi fọ́ọ̀wíìlì sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nídìí korobá. Ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, bíréèkì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà: ìṣísẹ̀ 41. Wọ́n padà, wọ́n fi í sí fọ́ọ̀wíìlì, wọ́n tún sáré kan náà: ìṣísẹ̀ 42. Wọ́n ní ká tún un ṣe. Ìṣísẹ̀ 41. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi imú bàtà ha ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún eré títì. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 láàárín wákàtí lórí ọ̀dà gbígbẹ lè dúró láàárín mítà 14 tàbí 15 lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti mú. Lórí yìnyín tó ń yọ̀ dáadáa, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 mítà, ìyẹn láti ilé góòlù kan dé èkejì lórí pápá bọ́ọ̀lù. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ nínú ọkọ̀ tó máa yí ìyẹn padà.

Ohun tó tún jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí léwu ni pé fọ́ọ̀wíìlì a máa pa ìkìlọ̀ mọ́ awakọ̀ lára. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn ń tì, bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ìdí rẹ̀ á máa fì bí ẹ bá ti ń gbéra. Ẹ̀rù á bà yín, ẹ ó rọra. Fọ́ọ̀wíìlì á gbéra láìfì, ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó sì ti wà lórí eré kìlómítà 80 kí títì tó sọ òtítọ́ fún yín. Òtútù gan-an máa ń tan ènìyàn jẹ níbí. Yìnyín tó wà nítòsí dígírì òdo (Celsius) ló ń yọ̀ jù, nítorí omi tín-ín-rín kan máa ń wà lójú rẹ̀. Bí òtútù bá ti dé dígírì 40 nísàlẹ̀ òdo, yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wakọ̀ láìséwu lọ́jọ́ tí òtútù ń pani lè wó sínú kòtò lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ tura.

Ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbà, Dalton Highway, ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1974 ni wọ́n là á fún iṣẹ́ páìpù epo rọ̀bì, ọdún 1994 ni wọ́n tó ṣí i dé òpin fún gbogbo ènìyàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 666, òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti Fairbanks dé Deadhorse tó nǹkan bíi kìlómítà 800. Prospect Creek, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí, ni wọ́n ti wọn òtútù tó le jù nínú ìtàn Amẹ́ríkà, ní January 23, 1971: dígírì 62 nísàlẹ̀ òdo. Lágbègbè Deadhorse, oòrùn kì í yọ rárá fún nǹkan bí oṣù méjì láti ìparí oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá wó sí kòtò níbẹ̀ kò ní rí fóònù lò, nítorí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà yẹn.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé. Rọ́bà táyà lásán a máa le bí igi bí òtútù bá ti ń pọ̀. Àwọn tó ń ṣe táyà sọ pé láti dígírì 7 lókè òdo sísàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà táyà ìgbà òtútù kì í le bẹ́ẹ̀, ó ń bá ilẹ̀ mu. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí èérún òjò dídì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti òjò dídì) nìkan kò tó, kò túmọ̀ sí pé wọ́n dán an wò lórí òjò dídì. Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí iwájú bá ń di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn ò dì í mú, ọkọ̀ á yí po. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà a máa dínkù, nǹkan bíi psi 1 (psi ni a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) fún dígírì 5 tàbí 6 tí òtútù bá fi sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó jáde láti inú gáráàjì tó móoru bọ́ sí dígírì 40 nísàlẹ̀ òdo lè pàdánù psi 10 kó tó rìn jìnnà. Ìta ni kí ẹ ti wọn ún.

Lẹ́yìn náà, ìwúwo. Iwájú píkọ́ọ̀pù tó ṣófo ló wúwo, ìdí rẹ̀ fúyẹ́, ìdí yẹn ló sì kọ́kọ́ máa ń yọ̀. Àpò iyanrìn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó. Ẹ tò ó sórí ásù ẹ̀yìn gan-an, kì í ṣe síbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi okùn dì í pinpin, torí bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, àpò tí a kò so á fò wá síwájú. Bí táyà bá há, iyanrìn yẹn kan náà lẹ ó bù sábẹ́ rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìgbàgbọ́ òdì kan tó bá ti fọ́ọ̀wíìlì tan kún un, nítorí ẹ̀gbọ́n ti ra á sílẹ̀: kúláńtì ògidì, gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, pé àwọn kò ní bu omi là á kó má baà dì. Kúláńtì ògidì yára dì ju èyí tí a bu omi là lọ. Nǹkan bíi dígírì 13 nísàlẹ̀ òdo ló ti ń dì. Bí a bá po ó dọ́gba pẹ̀lú omi, ó di nǹkan bíi 37 nísàlẹ̀ òdo kó tó dì. Bí kúláńtì bá jẹ́ ìpín 6 nínú 10, ó kọjá 50 nísàlẹ̀. Nǹkan méjèèjì ń dí ara wọn lọ́wọ́ láti dì, ìdí nìyẹn. Ìpín 6 yẹn ni a pò fún wọn.

Ẹ ó rí okùn iná tó yọ orí jáde níwájú ọkọ̀ gbogbo ní Fairbanks. Àlejò a máa rò pé ọkọ̀ oníná ni gbogbo wọn. Ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná ni, a sì máa ń kì í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì fún wákàtí mélòó kan kí a tó ṣíná. Bátìrì tó wà ní dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo ti pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀, ọ́ìlì sì ti ki bí oyin, nítorí náà ẹ bo bátìrì, kí ẹ sì lo ọ́ìlì 0W, irú èyí tí kì í tètè ki nínú òtútù.

Ẹ kó ìwọ̀nyí dání: sípíà táyà méjì, àpò ìsùn tó lè gba irú òtútù yẹn, oúnjẹ, ṣọ́bìrì, fóònù sátẹ́láìtì. Bí ọkọ̀ bá há, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ wú òjò dídì kúrò lẹ́nu sàlẹ́ńsà kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, torí èéfín tí kò rọ́nà jáde á wọlé bá yín, gáàsì olóró inú rẹ̀ (carbon monoxide) kò sì ní òórùn tí ẹ ó fi mọ̀. Ẹ kún táńkì ní Coldfoot, ibùdó kan lójú ọ̀nà náà, dandan. Kìlómítà 386 ló kù sí Deadhorse, kò sí ilé epo láàárín.

Àárín méjèèjì yẹn ni òkè Atigun wà, mítà 1,444 lókè òkun. Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀wíìlì ti wúlò díẹ̀ fún ìdádúró: bí ẹ bá fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn dọ́gba dípò ẹ̀yìn nìkan, ẹ kò sì ní nílò bíréèkì púpọ̀. Eré yín kò gbọdọ̀ pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n lọ lóṣù Kejìlá. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń sọ̀ kalẹ̀ Atigun, kìlómítà 25 láàárín wákàtí ni àwọn ń sá, tírélà mẹ́ta sì tò sẹ́yìn àwọn. Àwọn gbé rédíò CB, èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn bọ́ sí ìkànnì 19, àwọn bẹ àwọn awakọ̀ náà pé kí wọ́n ní sùúrù, pé àwọn á yà fún wọn níbi tí ọ̀nà bá ti fẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé kí àwọn máa rọra bọ̀, pé òun kò kánjú.