Títún èròjà inú omi ṣe fún pípọn bíà nílé

Títún èròjà inú omi ṣe ni iṣẹ́ tí apọntí ń ṣe láti dín iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi kù, tàbí láti bù kún un, kó tó fi omi náà rẹ mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì mú gbẹ. Èròjà mẹ́fà ló ń ṣọ́: kálísíọ́ọ̀mù, magnésíọ́ọ̀mù, sódíọ́ọ̀mù, súlfétì, klóráìdì àti báíkábọ́nétì.

Báíkábọ́nétì ló ń yọni lẹ́nu jù. Bó bá pọ̀, kì í jẹ́ kí pH (òṣùwọ̀n kíkan: bó bá ṣe wálẹ̀ tó ni nǹkan ṣe ń kan tó) mọ́ọ̀tì inú omi gbígbóná wálẹ̀ dé 5.2 sí 5.6, níbi tí ẹ́ńsáìmù ti ń sọ sítáàṣì di ṣúgà dáadáa. Kálísíọ́ọ̀mù ló ń fa pH yìí wálẹ̀, ó sì ń mú kí ọtí tòrò. 50 sí 150 mílígíráàmù nínú lítà kan ni ọ̀pọ̀ apọntí ń wá. Súlfétì ń gbé ìkorò hópù (òdòdó kíkorò tí wọ́n ń fi sínú bíà) yọ, klóráìdì ń jẹ́ kí adùn mọ́ọ̀tì kún ẹnu. Omi tí súlfétì pọ̀ nínú rẹ̀ ló sọ pale ale (irú bíà kan tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀) ti ìlú Burton upon Trent ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di olókìkí. Ní ìlú Plzeň ní ilẹ̀ Czech, omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré gan-an ni apọntí Josef Groll fi pọn bíà aláwọ̀ wúrà ní 1842.

Ní Abuja, omi ẹ̀rọ ìjọba ń wá láti ìsédò Lower Usuma, kilorín ni wọ́n sì fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀. Kilorín yìí gbọ́dọ̀ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọtí á máa rùn bí oògùn. Síse omi náà máa ń lé e lọ. Omi bòhóòlù ní Kubwa tàbí Nyanya jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: inú àpáta ló ti ń jáde, ti ilé kan sì lè yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Bí ọṣẹ kì í bá tètè hó nínú rẹ̀, tí èépá funfun sì ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, omi líle ni. Bí a bá sè é, tí a jẹ́ kó tòrò, tí a sì rọra da òkè rẹ̀ sọ́tọ̀, púpọ̀ nínú báíkábọ́nétì á ti bá èépá náà lọ. Síbẹ̀, àyẹ̀wò nílé ìwádìí nìkan ló ń sọ iye gan-an, ó sì yẹ kó ṣáájú iyọ̀ èyíkéyìí.

Gíráàmù 1 jípsọ́ọ̀mù (iyọ̀ tó ní kálísíọ́ọ̀mù àti súlfétì) nínú lítà 10 ń fi bíi mílígíráàmù 23 kálísíọ́ọ̀mù àti 56 súlfétì kún lítà kọ̀ọ̀kan. Ti kálísíọ́ọ̀mù klóráìdì tó wọ́pọ̀ jẹ́ bíi 27 kálísíọ́ọ̀mù àti 48 klóráìdì. Jípsọ́ọ̀mù wà nínú ilẹ̀ ní Nafada ní Gombe àti Fika ní Yobe, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ fún jíjẹ nìkan ló yẹ ọtí. Káún tí à ń fi se ẹ̀wà kò lè rọ́pò rẹ̀ rárá, nítorí sódíọ́ọ̀mù àti kábọ́nétì inú rẹ̀ ń gbé pH sókè ni.

Burukutu àti pito, ọtí ọkà bàbà tí wọ́n ń pọn ní àárín gbùngbùn àti àríwá Nàìjíríà, kò nílò irú iyọ̀ wọ̀nyí: kòkòrò àìrí tó ń mú wọn kan ló ń fa pH wọn wálẹ̀.