Ẹ Yé Bi Mí Pé “Ìgbà Wo Ni Yóò Rìn?”

Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń ṣí agbárí ẹni tí rọpárọsẹ̀ ńlá kọlù kì í jí ọpọlọ tó ti kú dìde. Àyè ni à ń wá fún èyí tó kù, kí wíwú èyí tó kú má baà fún un pa. Egungun tí a gé gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, ó kéré tán. Àwọn kan ń gé e tín-ín-rín, etí egungun á wá máa rẹ́ ọpọlọ tó fẹ́ yọ jáde. Èmi kì í gé e bẹ́ẹ̀. (Inú fírísà tàbí abẹ́ awọ ikùn aláìsàn ni egungun ọ̀hún ń wà títí a ó fi dá a padà. A kò tà á fún ẹnikẹ́ni.)

Ní 2007, wọ́n pa ìwádìí mẹ́ta láti Faransé, Jámánì àti Netherlands pọ̀, lórí aláìsàn 93 tí ọjọ́ orí wọn kò ju 60 lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá ṣí agbárí wọn láàárín wákàtí 48, 78 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan. Láìṣí i, 29. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tí a ṣí agbárí wọn, àwọn tó lè dá rìn kò tó ìdajì. Ìwádìí Jámánì ti 2014 lórí àwọn tó ti lé ní 60 tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó padà di ẹni tí ń dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ orí nìyẹn. Èyí tí mo máa ń wò jù ni bí aláìsàn ṣe rí kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ṣé ó ń lajú bí a bá pè é? Ṣé ọmọlójú rẹ̀ ń sún kì bí a bá tan iná sí i? Bí ọmọlójú kan bá ti fẹ̀ tí kò mira mọ́, ìrètí ti dín kù gan-an.

Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá, àgbo ń run lẹ́nu rẹ̀. Láti àná ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kú. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn ní àsasí ni, ó ní kí wọ́n fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, kí wọ́n da àgbo sí i. Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì! Ẹ̀dọ̀fóró ni àgbo gbà lọ. Mo ṣí agbárí, ọpọlọ rí àyè bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Dókítà, ẹ ṣáà ní iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó yọrí sí rere.

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu èèyàn yín, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu: àgbo o, òróró àdúrà o, omi lásán o. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá ọkọ̀. Kí ẹnì kan sì mọ aago tí ara rẹ̀ ṣì dá kẹ́yìn, torí òun ni n ó kọ́kọ́ bi yín.