Ìṣípà ọdẹ

Ìṣípà ọdẹ ni ètò ìdágbére tí àwọn ọdẹ Yorùbá máa ń ṣe fún ọdẹ ẹgbẹ́ wọn tó bá kú. Ó yàtọ̀ sí ìsìnkú fúnra ẹ̀, tórí wọ́n á ti sin olóògbé tán kí ìṣípà tó wáyé. Ewì tí wọ́n ń sun níbẹ̀ ló ń jẹ́ ìrèmọ̀jé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìlú sí ìlú.

Ọdẹ láàárín ìlú

Lábúlé, ọdẹ ni wọ́n máa ń sáré pè bí ọmọ bá sọnù sóko tàbí bí ejò bá wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn mọ ewé tí wọ́n fi ń wo oró ejò, àwọn náà ló tún máa ń ṣọ́ ìlú lóru, bí wọ́n bá sì pa ẹran ńlá, ará ilé, aládùúgbò àti olórí ọdẹ ló máa ń rí nínú ẹ̀. Àwọn ìlú kan tiẹ̀ ní ọdẹ wà lára àwọn tó tẹ àwọn dó, bí Ògúnlọlá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọlútìmẹ́hìn ní Òṣogbo.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ìṣípà

Ìgbàgbọ́ àwọn ọdẹ ni pé ìmùlẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ lábẹ́ Ògún ò tú tí ẹnì kan bá kú. Tí wọn ò bá yọ olóògbé kúrò lẹ́gbẹ́, ó lè máa bá wọn kiri igbó kó máa dí wọn lọ́wọ́. Ìtàn ẹnu sọ pé Ògún fúnra ẹ̀ ló pa á láṣẹ.

Ìpà

Ìpà ni àwọn nǹkan tí olóògbé fi ń ṣọdẹ tí wọ́n kó jọ, gbérí (ẹ̀wù ọdẹ), fìlà, àpò àti àwọn mìíì. Láwọn ibì kan wọ́n á fi igi ṣe bí èèyàn, wọ́n á wọ gbérí yẹn fún un, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á fi àpò kọ́ ọ léjìká, débi pé ẹni tó bá rí i lókèèrè nínú iná àtùpà lè rò pé bàbá ọ̀hún ló tún dìde. Ajá, ẹmu àti iṣu sísun kì í wọ́n níbẹ̀, torí oúnjẹ Ògún ni. Tílẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á gbé ìpà lọ sígbó.

Ìrèmọ̀jé

Ìrèmọ̀jé lọkàn ètò yìí. Ohùn ẹ̀ jọ ti ìjálá, ewì ọdẹ mìíì, ọdẹ kan náà sì lè sun méjèèjì, àmọ́ ìjálá ṣeé sun níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ọdún Ògún, ìrèmọ̀jé ní tiẹ̀ ò ṣeé sun láìjẹ́ pé ọdẹ kú. Àtalẹ́ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹnì kan á máa lé e, tó bá rẹ̀ ẹ́ ẹlòmíì á gbà á lẹ́nu ẹ̀, àwọn tó kù á máa gbè é. Wọ́n á júbà Ògún àtàwọn àgbà ọdẹ tó ti lọ, wọ́n á ki oríkì ìdílé olóògbé, wọ́n á wá sọ ohun tó ṣe láyé, ẹran tó pa, igbó tó dá wọ̀, ẹni tó kọ́ níṣẹ́, ẹni tó fún lẹ́ran jẹ. Òkú yẹn gan-an ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé ó ń gbọ́. Nípa báyìí ìtàn ìgbésí ayé ọdẹ tí ò mọ̀wé rárá lè wà lẹ́nu ẹgbẹ́ ẹ̀ pẹ́ títí, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó bá ń wá ìtàn àwọn abúlé wa.

Iṣẹ́ ìwádìí Adébóyè Babalọlá tó jáde ní 1966 dá lórí ìjálá, Bade Ajuwon ti yunifásítì Ifẹ̀ ló gbájú mọ́ ìrèmọ̀jé.

Lóde òní

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ti di Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, àwọn ẹbí kan ò sì fẹ́ ìṣípà mọ́. Iṣẹ́ ọdẹ fúnra ẹ̀ ṣì wà o, nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n gbà síbẹ̀.