Owó inú kóló, ti ọmọ ni

Lọ́jọ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì, bí ọmọ bá ti gba owó ọdún lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní, "Mú un wá, kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀." Ó parí nìyẹn, ọmọ ò ní gbúròó owó náà mọ́. Èmi tí mò ń ṣí àkáǹtì fáwọn ọmọdé ní báńkì mọ̀ pé owó ọ̀hún kì í ṣòfò. Oúnjẹ tàbí ìwé ló máa ń bá lọ, ọmọ náà sì wà nínú àwọn tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó téèyàn bá fi pamọ́ kì í padà wá, èyí tó bá tètè ná nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Kí òbí tó wá ra kóló, kó kọ́kọ́ tún èyí ṣe.

Tí ọwọ́ bá há, tẹ́ ẹ sì fẹ́ yá lára owó ọmọ, ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san án sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kóló, kẹ́ ẹ sì san án lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò kéré jù láti jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Kóló onígi tí káfíńtà ń kàn, ọmọ tó ti lé lọ́dún mẹ́jọ ni mo fẹ́ ẹ fún. Ike téèyàn lè máa rí inú rẹ̀ ló dáa fún èyí tó kéré sí i, torí ọmọdé kì í gbà pé ohun tí kò rí ń pọ̀ sí i. Kí ohun tó fẹ́ rà náà má jìnnà. Oṣù Disẹ́ńbà jìnnà jù fún ọmọ ọdún márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ń fún un ní ₦200 lọ sílé ìwé, tó ń yọ ₦50 lójúmọ́, ₦250 nìyẹn lọ́sẹ̀, ó di ₦1,000 lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Òun ni kó yan ohun tó máa fi rà, bí ò tiẹ̀ wù yín.

Lọ́jọ́ tó bá pé, ẹ da owó náà sórí ẹní. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ tẹ́ àwọn ₦50 tó ti rún, kó tò wọ́n ní márùn-ún márùn-ún, kó lè rí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ san owó fún ọlọ́jà. Tó bá débẹ̀ tí ọjà ti gbówó lérí, ẹ má sáré fi tiyín kún un. Ẹ bi í bóyá ó máa dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àbí ó máa mú èyí tó kéré.

Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ lè bá alájọ dá a. Tó bá dá ₦100 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ á mú ₦100 kan, ₦3,000 á kù fún un. Kó mọ̀ pé wọ́n ń sanwó ìtọ́jú owó.

Owó tó bá ti pọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú kóló. Ikán wà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ kéde lóṣù kẹwàá 2022 pé òun máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbèdéke sí January 31, 2023, owó àtijọ́ tó wà nínú kóló di ohun tí wọ́n ń fi ìwàǹwára kó lọ báńkì. Òbí ló ń ṣí àkáǹtì fọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ, fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ yín àti BVN yín dání, ẹ sì mú ọmọ náà wá. Ẹ bèèrè iye tí owó inú rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí. Èlé orí rẹ̀ ò lè bá bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i dọ́gba, nítorí náà ohun tọ́mọ bá fẹ́ rà lọ́dún yìí, kó rà á bówó rẹ̀ bá ti pé.