Láti "ẹ kú" dé Yorùbá: bí orúkọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà

Ẹni tó bá wọ dánfó lọ sí Erékùṣù Èkó mọ ariwo kọ̀ńdọ́: "CMS, CMS, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, àmọ́ èrò ò béèrè, kọ̀ńdọ́ ò ṣàlàyé, ibi tọ́kọ̀ ti ń jáni sílẹ̀ ni CMS, ó tán. Bí orúkọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ní Áfíríkà ṣe rìn náà nìyẹn. Àlejò dé, kò bi onílé, aládùúgbò ló bi, ohun tó gbọ́ ló kọ sílẹ̀. Hausa ló ń pe àwọn Tiv ní Munshi, òyìnbó gbọ́ ọ lẹ́nu Hausa, ló bá wọ fáìlì ìjọba. Fúlàní náà, Hausa ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, Fulɓe ni wọ́n ń pe ara wọn.

Àmọ́ ti Freetown, ní Sierra Leone, ló dùn jù. Lẹ́yìn ọdún 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn èèyàn wa sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kó wọn lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbá ń pe ara ẹ̀ ní Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ń pe ara ẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ti mọ́, ẹ kú àárọ̀, wọ́n rẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, òjò rọ̀, ẹ kú òjò, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá, ẹ kú ìjókòó. "Kú" yẹn letí àlejò gbé, ni wọ́n bá sọ gbogbo wọn ní Aku. Àṣìgbọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún mọ́gbọ́n dání, torí ìkíni yẹn gan-an ni gbogbo wọn jọ ní.

Ohun tó ń bíni nínú ni àwọn tó ń sọ pé "Yorùbá" fúnra ẹ̀, èébú tí Fúlàní fi bú wa ni, pé ká jù ú nù. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé Timbuktu, ti kọ orúkọ yẹn ní nǹkan bí ọdún 1615, ó tò ó mọ́ orúkọ àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ 1804 ni jìhádì Sókótó táwọn Fúlàní ṣáájú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́ làwọn Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló wá fi í bo gbogbo wa: Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Koelle, ará Jámánì tóun náà ń ṣiṣẹ́ fún CMS, jiyàn ní 1854 pé Ọ̀yọ́ nìkan ló lórúkọ yẹn, kò yẹ kí wọ́n fi pe Ẹ̀gbá àtàwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání, àmọ́ wọn ò gbọ́ tiẹ̀, ìwé kíkà àti Bíbélì ti gbé "Yorùbá" wọlé. CMS kan náà tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo ẹ̀ ní Márínà ló sì ṣe é.

Àwa náà ń ṣe é fáwọn ẹlòmíì ṣá. Ọ̀ṣọ́dì Tápà, ìjòyè Èkó tó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọmọ Nupe ni. Nupe ni wọ́n ń pe ara wọn nílé, àwa la pè wọ́n ní Tápà, òun náà ló sì bá orúkọ ọkùnrin yẹn lọ títí dòní.