Ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé mi ń tanná, kò so: kí ló ṣe é?

Àbúrò mi obìnrin kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, òun nìkan kọ́ ló sì ń béèrè ẹ̀ o, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí ni wọ́n máa ń bi mí, ni mo ṣe ní kí n kúkú jókòó dáhùn ẹ̀ dáadáa. Ó ní: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbẹ́pẹ tí mo gbìn sẹ́yìn kíṣìnnì ti ga kọjá fẹ́ǹsì, ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń tanná, òdòdó ẹ̀ pọ̀ débi pé àràárọ̀ ni mò ń gbá a nílẹ̀, àmọ́ kò so ẹyọ kan. Bàbá onílé wa ní kí n kan ìṣó mọ́ ọn lára. Ṣé kí n kàn án?"

Má kàn án, àbúrò mi. Gbé ìṣó sílẹ̀ ná kó o lọ wo òdòdó yẹn dáadáa. Igi ẹ ò ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ṣe é ní nǹkan kan. Pẹ̀lú bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, akọ ni.

Akọ kẹ̀? Ṣé igi náà ń ní akọ àti abo ni?

Ìbẹ́pẹ ní in. Máńgòrò, ọsàn, gúáfà, orí igi kan náà ni takọtabo wọn wà, ìdí nìyẹn tá ò fi kí í ronú ẹ̀. Ti ìbẹ́pẹ, ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: igi tó jẹ́ akọ wà, èyí tó jẹ́ abo wà, èyí tó ní méjèèjì pọ̀ nínú òdòdó kan ṣoṣo náà wà, ìyẹn ni mo máa pè ní takọtabo. Úgú náà ní akọ àti abo tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ torí pé ewé la ń já lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ kíyè sí i.

Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Òdòdó ni kó o wò, ewé ò lè sọ fún ẹ. Òdòdó akọ kì í lẹ̀ mọ́ igi, orí ọ̀pá gígùn tó yọ ẹ̀ka ló máa ń wà, tí á máa rọ̀ dirodiro, ọ̀pá yẹn lè gùn tó apá èèyàn, òdòdó tín-ín-tìn-ìn-tín á wá kún orí ẹ̀ bámú. Já ẹyọ kan. Ó rí bíi fèrè kékeré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, tó o bá fi èékánná là á sí méjì wàá rí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò bí àtíkè nítòsí ẹnu ẹ̀, òun ló máa ń mú kí òdòdó abo so, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ òfìfo ni, kò sí nǹkan tó lè di ọmọ níbẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú ó máa ń ta sánsán, àfòpiná á sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Ti abo kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tóbi, ó sì máa ń jókòó típẹ́típẹ́ mọ́ ara igi lábẹ́ ewé. Ṣí awẹ́ márààrún tó bò ó, wàá bá ọmọ ìbẹ́pẹ róbótó kan nínú ẹ̀, kékeré báyìí, ara ẹ̀ ń dán, ó sì yọ ọwọ́ wẹ́wẹ́ márùn-ún lórí tó fi ń dúró de lẹ́búlẹ́bú torí òun ò ní tiẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ là á wò, mo pe gbogbo ọmọ tó wà nílé kí wọ́n wá wò ó, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òdòdó tí ò tíì là ti gbé ọmọ pọ̀n. Ti takọtabo, ọmọ inú ẹ̀ gùn bíi kùkúńbà kékeré, lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò sì yí i ká. Òun ló máa ń so èso gígùn yẹn, èyí tó rí roboto tí inú ẹ̀ ní àyè gan-an, lára abo ló ti wá.

Àmọ́ àwọn èèyàn ní àwọn kan ìṣó mọ́ tàwọn, ó sì so o?

Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n rí. Akọ ìbẹ́pẹ mìíràn máa ń yí padà fúnra ẹ̀, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀ tàbí tí wọ́n bá gé e lórí, á wá so èso wẹ́wẹ́ díẹ̀ tó ń rọ̀ lórí ọ̀pá gígùn yẹn. Tó bá ti wá bọ́ sí àsìkò tẹ́nì kan kan ìṣó mọ́ ọn, ìṣó ló máa gba ọpẹ́. Inú mi kì í dùn sí i rárá torí ojú ọgbẹ́ yẹn ni àìsàn ń gbà wọlé, igi ìbẹ́pẹ ò le bí igi gidi, inú ẹ̀ ihò ni, kíá ló ń jẹrà.

Ṣé mi ò lè mọ̀ látinú kóró?

Kò ṣeé ṣe lójú lásán. Àwọn kan ní kóró tó bá rì sómi ni abo, àwọn kan ní kí n wo gbòǹgbò, kò sóòótọ́ níbẹ̀. Àfi kó o mọ ìyá àti bàbá tó bí i. Bíi tàwa èèyàn ni, ọ̀dọ̀ akọ ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Tí akọ bá gbọn lẹ́búlẹ́bú sí abo, ìdajì kóró yẹn á di akọ, ìdajì á di abo. Àmọ́ tí takọtabo bá gba lẹ́búlẹ́bú ara ẹ̀, nínú igi mẹ́ta, méjì á jẹ́ takọtabo, ọ̀kan á jẹ́ abo, akọ kankan ò ní sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé inú èso gígùn ni kẹ́ ẹ ti mú kóró, tó bá tiẹ̀ jẹ́ ti ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ kan nítòsí oko yẹn ṣì lè ti dà á rú.

Ẹlòmíì ní: "Tèmi abo ni, mo ti wò ó, àmọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ẹ̀ ń rẹ̀ dànù."

Bóyá akọ tàbí takọtabo ò sí ládùúgbò yẹn ni. Bá a ṣe é fúnra ẹ: já òdòdó akọ láàárọ̀, bọ́ awẹ́ ẹ̀ kúrò, fi lẹ́búlẹ́bú yẹn pa ọwọ́ wẹ́wẹ́ orí abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bomi rin ín pẹ̀lú, torí ọ̀dá náà máa ń jẹ́ kó gbọn ọmọ dànù, tí ooru bá sì mú jù, takọtabo pàápàá lè máa yọ òdòdó tí ò lọ́mọ nínú.

Ṣé kí n wá gé akọ yìí ni?

Má tíì gé e, àbúrò mi. Wá ìbẹ́pẹ gígùn kan tó pọ́n dáadáa, kó kóró ẹ̀ sínú asẹ́, fi iyanrìn ra á títí awọ yọ̀ọ́yọ̀ọ́ ara ẹ̀ á fi bọ́ torí awọ yẹn kì í jẹ́ kó tètè hù, sá a níbòòji. Gbìn ín sínú rọ́bà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin á hù. Tó o bá fẹ́ lọ̀ ọ́ sílẹ̀, ibi tí omi ò ti ní dúró ni o, torí tí omi bá fi ọjọ́ méjì péré rin gbòǹgbò ẹ̀ gbingbin, ó lè kú. Fi mẹ́ta sójú kan, jẹ́ kí ojú kan jìnnà sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́jọ. Láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà wọ́n á tanná, wò ó, fi takọtabo sílẹ̀, fa ìyókù tu. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá jẹ́ abo, akọ tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì yẹn lo máa lọ bá fún lẹ́búlẹ́bú.